Ọmọ Ẹṣin tí Ẹnikẹ́ni Kò Rà

Nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, ojú ìwé ìkómọjáde ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ ṣí: ta ni ó bímọ, akọ ni tàbí abo, kí ni orúkọ rẹ̀, níbo ni a bí i sí. Lónìí pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ ìkómọjáde ni a mú wá, ṣùgbọ́n ẹṣin ni ọmọ tí a fẹ́ kó jáde. Ẹ má ṣe bínú sí wa. Àwa tí a ti pẹ́ ní Òkè Ọya kì í ṣe àjèjì sí ẹṣin. A ti dúró nínú oòrùn lọ́jọ́ ọdún, a ti rí àwọn ẹlẹ́ṣin ọba bí wọ́n ti ń sáré kọjá, tí eruku sì bo gbogbo wa lójú.

Ọ̀rọ̀ kan ni ó fa ìtàn yìí. Nígbà tí a bá lọ sílé fún Kérésìmesì tàbí fún Iléyá, àwọn kan a máa wo àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín, wọn a ní, “Ọmọ àjò ni ìwọ̀nyí,” bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn máa ń di omi bí ó bá ti ré Odò Ọya kọjá. A kò fẹ́ bá àgbà jiyàn. Ìtàn ẹṣin ni a fẹ́ sọ.

Northern Dancer ni orúkọ ẹṣin náà, èyí tí ó túmọ̀ sí Oníjó Ìhà Àríwá. Ìlú Oshawa ní orílẹ̀-èdè Kánádà ni a bí i sí, ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1961. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe nígbà tí ọkọ ìyàwó bá wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wádìí ìran rẹ̀.

Àwọn ẹṣin tí òyìnbó ń pè ní Thoroughbred ni a ń bí nítorí eré ìje. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìran wọn ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn bàbá ńlá wọn kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Akọ ẹṣin mẹ́ta ni, tí a kó wá láti ìhà ìlà-oòrùn ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn: Byerley Turk, Darley Arabian, àti Godolphin Arabian. Gbogbo Thoroughbred tí ó wà láyé lónìí, bí a bá tọ ọ̀nà bàbá wọn lọ, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni a óò bá nídìí rẹ̀. Àtìpó ni wọ́n láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Nínú ìran yìí ni a ti bí ẹṣin kan ní ilẹ̀ Ítálì ní ọdún 1935, tí ń jẹ́ Nearco. Ìgbà 14 ni ó sáré ìje, ìgbà 14 náà ni ó sì gbégbá orókè. Ní ọdún 1938 a tà á sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní £60,000, wọ́n sì mú un lọ sí Newmarket, níbi tí àwọn ẹlẹ́ṣin Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe olú-ìlú wọn. Nígbà tí ogun Hitler dé, wọ́n kọ́ ibi ìsápamọ́ fún un kí bọ́ǹbù má bàa pa á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kẹ́ ẹ tó.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, olówó kan láti Kánádà, E. P. Taylor, ẹni tí ó fi òwò bíà là, wá sí ọjà ẹṣin ní Newmarket. Ó ra abo ẹṣin kan tí ń jẹ́ Lady Angela, tí ó ti lóyún fún Nearco. Taylor kò jẹ́ kí ó tètè wọ ọkọ̀. Ó ní kí ó bí èyí tí ó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ ná, kí wọ́n sì tún mú un padà sọ́dọ̀ Nearco. Oyún kejì yìí ni Lady Angela gbé sọdá òkun. Ní oṣù Kejì ọdún 1954, ó bí akọ sí Kánádà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Nearctic. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti lóyún rẹ̀, Kánádà ni a ti gbọ́ igbe ọmọ. Mélòó nínú àwọn ìyá tí ń ka ìwé yìí ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin wá síhìn-ín?

Nearctic sáré dáadáa, ó sì ni bàbá Northern Dancer. Ìyá rẹ̀ ni Natalma, abo kan tí Taylor rà ní Amẹ́ríkà ní dọ́là 35,000. Ọ̀rọ̀ Natalma gba àlàyé díẹ̀. Ní ọdún 1959, nínú eré ìje ńlá kan ní Saratoga, agẹṣin rẹ̀ nà án ní ẹgba bí wọ́n ti ń súnmọ́ òpin. Natalma yà bàrà, ó sì dí ẹṣin mìíràn lọ́nà. Òun ni ó kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í sí ìkẹta. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ wọ pápá mọ́. Ọkùnrin ará Ajẹntínà kan, Horatio Luro, ẹni tí ń kọ́ àwọn ẹṣin Taylor, fi sùúrù tù ú fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó gbà. Nígbà tí ó wá gbà tán ní ọdún 1960, tí ó ku díẹ̀ kí ó sá eré ńlá kan ní Kentucky, eegun orúnkún rẹ̀ sán.

Oṣù Kẹfà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé nígbà náà. Oṣù 11 ni ẹṣin fi ń lóyún, òfin eré ìje sì sọ pé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ni gbogbo ẹṣin ń pé ọdún, ìgbà yòówù kí a bí wọn. Nítorí náà gbogbo olóko ẹṣin ni ó ń fẹ́ kí ọmọ tètè dé, ní oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta, kí ó lè gbó ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí a bá bí ní ìparí oṣù Karùn-ún yóò máa bá àwọn tí ó fi oṣù mẹ́ta jù ú lọ sáré ní ẹgbẹ́ kan náà. Taylor mọ èyí, ṣùgbọ́n kàkà kí ọdún náà lọ lásán, ó mú Natalma arọ lọ sọ́dọ̀ Nearctic, tí kò tíì bí ọmọ kankan rí. Oyún ìgbà tí ọjà ti tú ni Northern Dancer.

Lọ́dọọdún, Taylor máa ń pe àwọn olówó wá sí oko rẹ̀, ó máa ń fi iye kan lé orí ọmọ ẹṣin kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ìnájà. Bí wọ́n bá ti ra ìdajì, ọjà tú nìyẹn. Àwọn tí ó kù di tirẹ̀. Ní ọdún 1962, dọ́là 25,000 ni ó fi lé Northern Dancer lórí. Àwọn ènìyàn wá, wọ́n wò ó. Ó kúrú, ó ki pọ́pọ́, ó dà bí ẹṣin tí a fi ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, ojú rẹ̀ sì le. Wọ́n kọjá lọ síbi àwọn tí ẹsẹ̀ wọn gùn. Kò sí ẹnì kan tí ó rà á. Àwa tí a ń wọn ẹrù ní rélùwéè lójoojúmọ́ mọ̀ pé ohun tí ó tẹ ìwọ̀n jù kọ́ ni ó níye lórí jù, ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́, bí àwa náà bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí a sì ní owó lọ́wọ́, a kò rò pé à bá rà á. Nígbà tí ó dàgbà tán pàápàá, ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 2 péré ni gíga rẹ̀ ní èjìká.

Ìwà rẹ̀ tún burú. Ó ń tàpá, ó ń gé ènìyàn jẹ, ó ń dá àwọn tí ó bá gùn ún nù. Luro rọ Taylor pé kí wọ́n tẹ ẹ́ lọ́dàá kí ara rẹ̀ lè rọlẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí ọ̀pọ̀ ẹṣin alágídí nìyẹn, kò sì sí ẹni tí ì bá bá wọn wí. Taylor kọ̀. A fẹ́ kí ẹ dúró níhìn-ín díẹ̀ kí ẹ rò ó. Bí Taylor bá ti gbà lọ́jọ́ náà ni, gbogbo ohun tí a óò sọ láti ìsinsìnyí lọ kì bá ti ṣẹlẹ̀, kì bá sì ti sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ohun kan sọnù.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1963 ni ó kọ́kọ́ jáde, ní pápá Fort Erie. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, Ron Turcotte, ni ó gùn ún. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi ẹgba kàn án, nítorí ọmọ Natalma ni. Bí wọ́n ti ń sáré, ọmọkùnrin náà kò lè mú un mọ́ra, ó fi ẹgba tọ́ ọ díẹ̀. Ẹṣin náà fò lọ! Nǹkan bí gígùn ẹṣin mẹ́fà àti ààbọ̀ ni ó fi sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀ àti èyí tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọdún náà fi parí, ó ti sáré ìgbà 9, ó borí ní 7, ó ṣe ipò kejì ní 2.

Ní ìparí ọdún náà ni pátákò rẹ̀ kan la. Ẹṣin tí pátákò rẹ̀ la kò lè sáré, oṣù pípẹ́ ni ó sì ń gbà kí ó tó hù padà. Taylor àti Luro wá ọkùnrin kan láti California, ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi rọ́bà àti iná lẹ pátákò pọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn fọ́kanáísà etí títì ti ń lẹ táyà fún wa. Ó lẹ̀ ẹ́, ó sì mú. Ẹṣin onípátákò lílẹ̀ yìí ni wọ́n mú lọ sí Florida ní ọdún 1964, tí ó sì gba eré ńlá méjì níbẹ̀, Flamingo Stakes àti Florida Derby. Agẹṣin tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Amẹ́ríkà nígbà náà, Bill Shoemaker, ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Kentucky Derby kù sí dẹ̀dẹ̀, Shoemaker sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ẹṣin California kan tí ń jẹ́ Hill Rise, ó ga, ó dára, ó sì rí i pé èyí ni yóò gbé òun débi tí òun ń lọ. Àwọn ènìyàn rẹpẹtẹ ni ó gbé owó lé Hill Rise pẹ̀lú. (A kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó lọ ta tẹ́tẹ́ o.) Láti ọdún 1875 ni wọ́n ti ń sá Kentucky Derby, kò sì sí ẹṣin tí a bí ní Kánádà tí ó gbà á rí. Ojú ọmọ ẹ̀yìn odi ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wo ẹṣin Kánádà.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 1964, Bill Hartack ni ó gun Northern Dancer. Máìlì kan àti ìdá mẹ́rin ni ọ̀nà náà. Nígbà tí wọ́n yí kọ́nà ìkẹyìn, Hartack tú u sílẹ̀, ó sì gba iwájú lọ. Hill Rise ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀, ó ń súnmọ́, ó ń súnmọ́. Ẹsẹ̀ kúkúrú ń sáré lójú méjèèjì, ó ń gbé méjì kí ti èkejì tó gbé ẹyọ kan. Títí wọ́n fi kọjá òpó, Hill Rise kò bá a. Ọrùn ẹṣin kan ni ó fi jù ú lọ. Wọ́n wo aago: ìṣẹ́jú 2 gééré. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sá eré náà, ẹṣin kankan kò yára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó tún borí nínú Preakness ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí. Belmont nìkan ni ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọ̀nà náà gùn ju ti Kentucky lọ. Ìkẹta ni ó ṣe. Lẹ́yìn náà ó padà sílé wá gba Queen's Plate ní Toronto. Inú àwọn ará ìlú dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbẹ́ kárọ́ọ̀tì ní ìrísí kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n sì fi ta á lọ́rẹ gẹ́gẹ́ bí kọ́kọ́rọ́ ìlú. Kò pẹ́ sígbà náà tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, eré sì tán. Ìgbà 18 ni ó sá ní gbogbo ayé rẹ̀: ó borí ní 14, ó ṣe ìkejì ní 2, ó ṣe ìkẹta ní 2. Kò bọ́ sẹ́yìn ìkẹta rí. Ẹ ó sì rántí ọmọkùnrin tí ó kọ́kọ́ gùn ún ní Fort Erie. Ní ọdún 1973, Ron Turcotte kan náà ni ó gun Secretariat, ẹṣin tí ó sá Kentucky Derby ní ohun tí kò pé ìṣẹ́jú 2, tí ó sì gba ipò tí Northern Dancer ti di mú fún ọdún 9.

Bí eré ẹsẹ̀ bá tán, ọ̀rọ̀ ọmọ ni ó kù. Ní ọdún 1965, ẹni tí ó bá fẹ́ kí abo ẹṣin rẹ̀ gba oyún lọ́dọ̀ Northern Dancer ń san dọ́là 10,000. Nítorí pé ó kúrú, wọ́n ní láti mọ òkìtì kékeré kan fún un kí ó lè gùn ún dé ibi tí àwọn abo gíga wà. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọdé ń kàwé. Nínú àwọn ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Nijinsky wà, tí a bí ní Kánádà ní ọdún 1967, tí a sì tà ní dọ́là 84,000 lọ sí Ireland, sọ́dọ̀ Vincent O'Brien. Ní ọdún 1970, Nijinsky gba eré ńlá mẹ́ta tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi dán ọmọ ọdún mẹ́ta wò, 2000 Guineas, Derby àti St Leger. Ọdún 35 ti kọjá kí ẹṣin kan tó tún kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì tíì sí òmíràn láti ìgbà náà.

Ìgbà yìí ni ayé wá dìde. Àwọn ará Ireland ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ọba Dubai ń bọ̀, wọ́n ń fi owó bá ara wọn jà lórí ọmọ ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò rà. Ní àwọn ọdún 1980, owó oyún kan ti di ìdajì mílíọ̀nù dọ́là, kò sì sí ìlérí pé oyún náà yóò dúró. Ní ọdún 1983 wọ́n ra ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Snaafi Dancer, ní mílíọ̀nù 10 dọ́là àti ẹgbàá lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ọmọ náà kò sá eré ìje kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n ní kí ó máa bímọ nígbà náà, ọmọ mẹ́rin péré ni ó bí. Orúkọ bàbá kì í bá ọmọ sáré.

Èyí tí ó wù wá jù nínú gbogbo rẹ̀ ni Derby ti ọdún 1984 ní Epsom. Vincent O'Brien mú El Gran Senor wá, ọmọ Northern Dancer, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ yẹ́ Horatio Luro sí. A kò tíì borí rẹ̀ rí. David O'Brien, ọmọ bíbí inú Vincent, mú Secreto wá, ọmọ Northern Dancer pẹ̀lú. Bàbá àti ọmọ ń bá ara wọn díje, wọ́n fi ọmọ bàbá kan náà méjì díje. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n dé òpin, gbogbo ènìyàn rò pé ti bàbá ti yege, ṣùgbọ́n Secreto kò dẹ̀yìn, ó sì fi imú nìkan gbà á. Agẹṣin El Gran Senor fẹjọ́ sùn pé wọ́n há òun mọ́, àwọn adájọ́ dá ẹjọ́ náà nù. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹṣin iwájú mọ̀ pé ti ẹ̀yìn ń bọ̀.

Ọmọ rẹ̀ mìíràn, Sadler's Wells, ni ó jẹ́ olórí gbogbo akọ ẹṣin ní Britain àti Ireland fún ọdún 14. Sadler's Wells bí Galileo. Galileo bí Frankel, tí ó sáré ìgbà 14 láàárín ọdún 2010 sí 2012, tí ó borí ní gbogbo rẹ̀, bí Nearco bàbá ńlá rẹ̀ gan-an. Newmarket ni wọ́n ti kọ́ Frankel, ẹ̀bá Newmarket ni wọ́n sì mú un lọ nígbà tí eré tán, kí ó máa bímọ. Ibi tí Lady Angela ti gbé oyún jáde, ibẹ̀ náà ni ọmọ àjò padà sí, tí ó sì di baálé.

Ohun kan wà tí kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ Northern Dancer ti pọ̀ nínú Thoroughbred ayé tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olóko fi ń wá abo àti akọ tí kì í ṣe ẹbí ara wọn kiri. Wọ́n ti ń fẹ́ ọmọ-ọmọ fún ọmọ-ọmọ, nítorí owó. Àwa Yorùbá, bí a bá gbọ́ pé ìyá ìyá ọmọkùnrin àti ìyá bàbá ọmọbìnrin bá ara wọn tan, ìgbéyàwó náà di títúká lójú ẹsẹ̀. Bóyá kí wọ́n wá kọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Northern Dancer kò gbé ilé títí. Ní ìparí ọdún 1968 wọ́n gbé e lọ sí oko Taylor ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ súnmọ́ ibi tí abo ẹṣin pọ̀ sí. Nǹkan bí ọdún 22 ni ó lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1990, inú rírun pa á, ó ti pé ọmọ ọdún 29. Ẹgbẹ́ wa mọ ohun tí ó ń náni láti gbé òkú ará wa láti àjò dé ilé, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àpótí ìrànlọ́wọ́ òkú fi wà nínú òfin wa. Wọ́n gbé Northern Dancer sínú ọkọ̀, wọ́n ré ààlà orílẹ̀-èdè méjì kọjá, wọ́n sì sin ín sí oko Oshawa, níbi tí Natalma ti bí i. Ní ọdún 2009 oko náà kógbá wọlé. Ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ibojì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, wọn kò wú u.